Onígbàjámọ̀ Tó Ń Lo Oògùn Wèrè

Ọkùnrin kan jókòó sórí àga mi láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Mo ti so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, mo ti tan kílípà, ló bá gbọ́wọ́ sókè.

“Bàbá Rọ́fíà, ẹ má bínú o. Ọjọ́ wo ni òní?”

Mo rò pé ó ní ibi tó fẹ́ lọ ni. Mo ní Mọ́ńdè ni.

“Ta ni gómìnà wa?”

Àṣé orí mi ló ń dán wò kó tó gbé orí tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi! Mo pa kílípà. Mo ní, “Èmi náà á bi yín ní tèmi. Ta ni bàbá yín?” Ló bá fò dìde tòun taṣọ mi lọ́rùn, ó di ìta. Ọjọ́ kejì ló tó fi aṣọ náà ránṣẹ́ padà. Ṣíọ̀! Ọlọ́gbọ́n ìlú nìyẹn.

Onígbàjámọ̀ ni mí nílùú Ọ̀fà. Ìjàgbó ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ bàbá kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ Pólì máa ń wá gẹ oríṣiríṣi irun lọ́dọ̀ mi, èyí tí ìyá wọn ò ní fi dá wọn mọ̀ mọ́ tí wọ́n bá délé. Ṣùgbọ́n orí ọmọ tuntun ni iṣẹ́ tó gbé orúkọ mi jáde. Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, tí ọmọ bá pé ọjọ́ kẹjọ, a ó sọ ọ́ lórúkọ, a ó sì fá irun tó gbé wá láti inú ìyá rẹ̀. Abẹ la fi ń ṣe é, kì í ṣe kílípà. Ìyá àgbà á gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, á fi omi rin orí rẹ̀, èmi á wá máa fá a díẹ̀díẹ̀, màá rọra yí àwùjẹ̀ ká, ibi rírọ̀ tó ń mí ní àtàrí ọmọ, tí egungun ò tíì bò. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ sún mọ́ orí ọmọ títí yóò fi lè fi abẹ fá ọṣẹ kúrò lára bàlúùnù tí kò ní bẹ́. Mo bẹ́ bàlúùnù títí àwọn ará ilé fi rò pé ogun ti dé Ìjàgbó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe di wèrè Ọ̀fà.

Àìsàn náà kò bá ibà wá, kò bá orí fífọ́ wá. Ó kàn di pé mo jí láàárọ̀, mi ò rí ìdí tí mo fi jí. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Tí oníbàárà bá wọlé, ọkàn mi á máa já bíi pé ọlọ́pàá ló wọlé. Nígbà míì màá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra, màá jókòó sórí àga tí mo fi ń gẹrun fún àwọn ẹlòmíì, màá máa sunkún, èmi bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin. Ni àwọn amòye bá dé. Ẹnìkan ní kí n máa kírun, bíi pé mi ò kírun rí láyé mi. Òmíràn ní mo kàn ń ronú jù ni, kí n máa rẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá mi ní kí n fẹ́ ìyàwó kejì. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí kò lè wẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa gbọ́ bùkátà ìyàwó méjì.

Ìyàwó mi ló mú mi lọ sí ọsibítù kan ní Ìlọrin. Dókítà obìnrin kan ló rí wa, kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà ju Rọ́fíà àkọ́bí mi lọ. Ó gbọ́ mi tán, kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

“Bàbá, àìsàn ni,” ó ní. “Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́.”

Ó ní dípúrẹ́ṣàn ni wọ́n ń pè é, ìpayà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó kọ oògùn fún mi, hóró kan láràárọ̀. Ó ní kí n má retí pé yóò ṣiṣẹ́ kíá bí oògùn ẹ̀fọ́rí, ó máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó wá tẹjú mọ́ mi, ó ní bó ti wù kí ara mi yá tó, n ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì fúnra mi.

Mi ò ní purọ́ fún yín, oògùn náà kọ́kọ́ fojú mi rí nǹkan. Ẹnu mi gbẹ, inú ń rìn mí, oorun ń kùn mí lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yàrá èmi àti Ìyá Rọ́fíà náà falẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ òórùn àkàrà láti òdìkejì títì, ó sì wù mí jẹ. Àkàrà lásán o! Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún. Láti ìgbà náà ọkàn mi balẹ̀, ọwọ́ mi dúró gbọin lórí iṣẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn oníbàárà jiyàn bọ́ọ̀lù.

Gàníyù tó ń ta káàdì fóònù ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi ló da omi rú. Ó wá wá ṣájà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ó rí páálí oògùn, ló bá yọ ọ́ sápò, ó lọ bi ọmọ kan tó ń ta oògùn pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Ìyẹn ní oògùn wèrè ni. Ó parí. Kí n tó kírun Àsárì lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti dé Òjòkú.

Àwọn tí mo ti ń gẹrun fún láti kékeré wá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á máa wo fóònù tí kò tàn. Àwọn tó bá láyà wọlé, wọ́n á mú ẹnìkan dání tí yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà máa ṣọ́ mi. Àwọn tó ń mu paraga kí wọ́n tó gun ọ̀kadà, àwọn náà ní ẹ̀rù oògùn mi ń bà wọ́n! Orí ọmọ tuntun ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò pè mí mọ́.

Nígbà tó yá, Àlàájì Onísìmẹ́ǹtì wá. Ó ń ta sìmẹ́ǹtì lẹ́bàá reluwé, èmi ni mo fá orí gbogbo ọmọ rẹ̀, ohun tó bá sì sọ ni àdúgbò ń tẹ̀ lé. Sìkírátù ọmọ rẹ̀ obìnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ.

“Bàbá Rọ́fíà,” ó ní, “ìwọ ni mo fẹ́ kó fá orí ọmọ-ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ọmọ fún ẹni tó ń lo oògùn wèrè. Jù ú nù. Tí mo bá ti pè ọ́, gbogbo ìlú á padà pè ọ́.”

Ìyàwó mi ní kí n má dán an wò. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù mi ń kú lọ lójú mi. Mo pa ọ̀rọ̀ dókítà tì, mo gbọ́ ti ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí orí mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bíi wáyà tí iná ń ta lára rẹ̀. Tí mo bá yíjú, ilé á bá mi yí. Òógùn ń bò mí, ọkàn mi tún ń já. Inú ipò yìí ni mo wà tí Sìkírátù fi bí ọkùnrin.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, ilé Àlàájì kún fọ́fọ́. Aáfà ti sọ ọmọ lórúkọ tán. Àlàájà, ìyàwó Àlàájì, gbé ọmọ náà lẹ́sẹ̀, ó ti fi omi rin orí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo yọ abẹ tuntun nínú bébà. Mo wo àwùjẹ̀ tó ń mí. Mo wo ọwọ́ mi. Ó ń gbọ̀n.

Kò sẹ́ni tó rí i. Tí mo bá le ìka mọ́ abẹ náà, bóyá mo lè fá a tán. Tí mo bá dìde láìfá a, iṣẹ́ mi tán ní Ọ̀fà nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ mi bá yẹ̀, orí ọmọ ọlọ́mọ ni. Mo gbé abẹ sílẹ̀.

“Ẹ má bínú. Mi ò lè fá orí ọmọ yìí lónìí.”

Ariwo ta. Àlàájì fò dìde. “Ẹ ò rí i? Ṣebí mo sọ fún yín pé orí ọkùnrin yìí ò pé!”

Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá pè mí ni o! Inú bí mi dé góńgó. Mo na ọwọ́ méjèèjì síta kí gbogbo wọn lè rí i. “Àlàájì, nígbà tí mò ń lo oògùn wèrè, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Ẹ ní kí n jù ú nù kí n lè dà bí èèyàn. Ẹ wá wo èèyàn tí ẹ sọ mí dà.”

Àlàájì ní kí wọ́n lọ pe onígbàjámọ̀ mìíràn. Sìkírátù, tí kò sọ̀rọ̀ látàárọ̀, gba ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ Àlàájà.

“Ẹnìkankan ò ní fá a,” ó ní. “Ẹni tó lè gbé abẹ sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn yìí, òun ni mo máa dúró dè.”

Aáfà ní kò sí wàhálà, irun lè dúró. Àlàájì yínmú títí tí wọ́n fi jẹun tán.

Mo padà sí Ìlọrin. Dókítà bá mi wí, ó sì dá mi padà sórí oògùn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ mi balẹ̀, mo ránṣẹ́ sí Sìkírátù. Ó gbé ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, lójú Gàníyù àti gbogbo àwọn tó ń ra káàdì. Mo fá orí náà, ó ń dán, abẹ ò ha á níbì kankan, ọmọ sì sùn lọ. Mo ní kí ìyá rẹ̀ wò ó nínú dígí. Kò wo ọmọ. Ara rẹ̀ ló ń wò.

“Bàbá Rọ́fíà,” ó rẹ ohùn sílẹ̀, “ṣé bó ṣe ṣe yín nìyí? Kéèyàn jí, kó máa wù ú pé kí òun má jí? Láti ìgbà tí mo ti bí i, inú balùwẹ̀ ni mo ti ń sunkún. Daddy ní àkẹ́bàjẹ́ ló ń dà mí láàmú.”

 Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo ní, “Àìsàn ni, ọmọ mi. Ó ní oògùn.”

Lọ́jọ́ tí a fi àdéhùn sí, èmi àti ìyàwó mi lọ mú un nílé ká lè jọ lọ sí Ìlọrin. Àlàájì wà níta lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní níbo là ń gbé ọmọ òun lọ?

Sìkírátù gbé ọmọ tuntun náà lé e lẹ́sẹ̀, ó gbé fíídà tì í.

“Ẹ bá mi mú un dání, Daddy. Wàrà mi ló wà nínú fíídà yẹn. Mo fẹ́ lọ gba oògùn wèrè ní Ìlọrin.”

 Mo mọ̀ pé á bú wa, mo sì ti ní èsì kan lẹ́nu tó máa dùn ún wọ egungun. Ó wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ obìnrin, omi ń bọ́ lójú ìyẹn. Ó wá yíjú sí mi.

“Bàbá Rọ́fíà, dókítà yẹn, ṣé ó mọṣẹ́?”

Mo gbé èsì mi mì. “Ẹ wò mí, Àlàájì.”

Ó wò mí títí. Ó ní, “Ẹ bá mi mú un lọ.”