Súẹ́tà Kan fún Ọmọ Méjì

Ìgbà tí mo ṣì kéré, bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n lọ wo ẹ̀yìnkùlé bóyá òjò ń bọ̀, mo máa ń lọ wò ó ní tòótọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á mọ̀ pé kò sí òjò kankan níbẹ̀. Etí mi ni wọn kò fẹ́ nídìí ọ̀rọ̀. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn, tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níṣojú mi, tí kò sì yé mi. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ yìí. Tífẹ́, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí èmi kò kàwé. Òwú àti abẹ́rẹ́ ìhunṣọ nìkan ni ọwọ́ mi gbọ́.

Òkukù ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ìkìrun ni mo gbé dàgbà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìkìrun. Wọ́n mú mi lọ síbẹ̀ kí n lè máa bá wọn gbé ọmọ. Èmi ni mo ń gbá àgbàlá láàárọ̀, èmi ni mo ń pọn omi, èmi ni mo ń fi eérú fọ ìkòkò. Gàrí ni Ìyá Ìkìrun ń yan tà. N óò jókòó tì wọ́n nídìí ààrò, èéfín á kó sí mi lójú, òórùn gàrí gbígbóná á sì máa fa ikùn mi. Bí mo bá yọ́ bu díẹ̀ sẹ́nu, tó jó mi láhọ́n, mi ò jẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n ojú mi tó ń ṣomi á tú mi fó. Ìyá Ìkìrun kì í sáré na èèyàn. Wọ́n á ní kí n kúnlẹ̀, kí n káwọ́ sókè. Tí mo bá ní apá ń ro mí, wọ́n á ní, "Apá tó jí gàrí kì í ro èèyàn."

Ilé tó tẹ̀ lé tiwa ni ìyàwó tíṣà kan ń gbé, Màmá Tíṣà là ń pè wọ́n. Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ìwé á wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun súẹ́tà. Èmi kò sí lára wọn, omi ni mo máa ń bá Màmá Tíṣà pọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti da omi sínú àmù tán, ẹsẹ̀ mi kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo ń wo ọwọ́ wọn: irin kan wọlé, òwú yí i ká, irin kejì fà á jáde. Nígbà tó yá, mo lọ bẹ baba tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, wọ́n sì fún mi ní irin sípóòkù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó bọ́ lára táyà. Mo lọ ẹnu wọn lórí òkúta títí wọ́n fi dán. Okùn àpò kòkó ni mo kọ́kọ́ fi hun. Ọjọ́ tí Màmá Tíṣà rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Àyọ̀ká, ẹja lo fẹ́ fi mú ni?"

Wọ́n rò pé àwọ̀n ni mo ń hun. Ṣùgbọ́n wọ́n pè mí jókòó, wọ́n sì fi hàn mí bó ṣe yẹ kó rí. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ojú òwú kọ̀ọ̀kan tó bá wà lórí irin, pé bí ojú kan bá bọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ á tẹ̀ lé e.

Ní àsìkò ọyẹ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ láti Òkukù pé ara ìyá mi kò fi bẹ́ẹ̀ le. Mo bú sẹ́kún. Ìyá Ìkìrun ní, "Kí lo ń sunkún sí? Àìsàn tó dáa ni." Ẹ gbà mí o! Àìsàn wo ló ń dáa? Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Màmá Tíṣà lọ. Wọ́n kàn wọlé, wọ́n mú òwú aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ wọn jáde, ó tutù lójú bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Wọ́n ní, "Fi hun súẹ́tà kékeré kan. Kí o tó parí rẹ̀, àìsàn ìyá rẹ á ti máa sunkún ọmú." Ìgbà yẹn ló tó hàn sí mi. Wọ́n kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi han ẹnikẹ́ni, torí a kì í kí ọmọ tí a kò tíì rí. Abẹ́ ẹní mi ni mo ń fi í pa mọ́ sí. Àwọn ẹgbẹ́ mi á máa ta òkòtó lábẹ́ igi odán, wọ́n á máa pè mí, n óò ní inú ń run mí. Nígbà tí mo parí súẹ́tà náà, apá kan gùn ju èkejì lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n lójú mi, kò sí irú rẹ̀ láyé.

Kò pẹ́ náà ni ìròyìn dé pé ìyá mi ti bí ìbejì. Ìyá Ìkìrun jó yí ààrò ká. Rélùwéè la wọ̀ lọ sí Òkukù, mo di súẹ́tà mi mọ́ àyà. Kí a tó wọ agbo ilé ni òórùn ẹ̀wà àti epo ti pàdé wa, torí ẹ̀wà ni wọ́n ń sè fún gbogbo ẹni tó bá wá kí ìyá ìbejì. Àwọn ọmọ náà dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi nínú ìrépé aṣọ. Kẹ́hìndé kéré púpọ̀, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n nínú ọyẹ́ yẹn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ tí kò jáde. Mo yọ súẹ́tà mi. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, gbà á, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn.

"Ta ló hun èyí?"

"Èmi ni, Ìyá Àgbà."

"Háà! Ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Èkejì rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ẹyọ kan ni. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ fún Táyé, òun ló kọ́kọ́ dé. Ìyá Ìkìrun ní kí ló jọ bẹ́ẹ̀, Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò. Mo ń wo ẹnu wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ dé làbúrò, ẹni tó dé kẹ́yìn lẹ̀gbọ́n, súẹ́tà mi sì wà láàárín tí ẹnikẹ́ni kò mú un. Mo ní ṣé kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kan? Ìyá Àgbà ní, "Kí èyí tó bọ́ ọ lónìí wá bínú padà sí ibi tó ti wá?"

Díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá mi. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ní, "Ẹ wọ aṣọ fọ́mọ, jàre. Onígbàgbọ́ ni wá nílé yìí."

Ìyá Àgbà na súẹ́tà sí wọn. "Ó dáa, díákónì. Ìwọ wọ̀ ọ́ fún un. Èwo nínú wọn?"

Bàbá mi wo Táyé, wọ́n wo Kẹ́hìndé, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, àwọn fẹ́ lọ so ewúrẹ́. Ewúrẹ́ náà sì ti wà ní síso láti àárọ̀.

Ìyá Àgbà wá dájọ́. Bí èkejì kò bá sí títí ọjọ́ ìkómọ, ká gbé súẹ́tà náà fún ọmọ ará ìta. Kò gbọdọ̀ wà nínú ilé kí ojú ọmọ méjì máa wò ó. Wọn kò bá mi wí o. Bí wọ́n tilẹ̀ nà mí ni, ìyẹn á yé mi. Mo ṣe ohun tó dáa, gbogbo ilé ní ó dáa, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ gbé e jù síta, ọmọ tí òtútù ń mú sì wà níbẹ̀ tó ń gbọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Ìyá Ìkìrun lọ sí ọjà Inísà bóyá a lè rí òwú tó jọ ọ́. Obìnrin kan tó ń ta òwú ìhunṣọ ní irú èyí tí à ń wá, ṣùgbọ́n pupa àti funfun nìkan ni. Ìyá Ìkìrun ní ká mú pupa. Wọ́n tún ní rárá, àwọn èèyàn á ní a fẹ́ èyí tó wọ pupa ju èkejì lọ. Wọ́n ní ká mú funfun. Wọ́n tún ní rárá.

Obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin ará Ìkìrun, òwú lẹ wá rà ni àbí ẹjọ́ lẹ wá rò?"

A ra èkuru, a sì ń jẹ ẹ́ bọ̀ wálé.

Nígbà tí a dé Òkukù, mo jókòó sórí ẹní, mo gbé súẹ́tà lé itan. Mi ò lè sọ pé mo ronú kan nǹkan kan. Ọwọ́ mi kàn lọ síbi tí mo ti so ìdí òwú, mo tú u, mo sì fà á. Ó ń tú, rẹ́rẹ́rẹ́. Ìyá Ìkìrun figbe ta: "Ẹ gbà mí! Orí ọmọ yìí ti dàrú!" Ìyá mi gbórí sókè lórí ibùsùn. Àwọn tó wá jẹ ẹ̀wà dá ọwọ́ dúró. Èmi ń fà á lọ, ẹkún ń bọ́ lójú mi, bí apá kan bá tú tán, mo so òwú rẹ̀ mọ́ ti èkejì, títí súẹ́tà fi di òkìtì òwú lórí ẹní, tó ká jọ bí irun orí ọmọ tuntun.

Ìyá Àgbà nìkan ni kò pariwo. Wọ́n bèèrè pé, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní, "Fìlà méjì."

Wọ́n wá ní, "Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba o."

Báwo la ṣe ń pín òwú dọ́gba? A mú orí òwú mọ́ ìdí rẹ̀, Ìyá Ìkìrun di méjèèjì mú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. A wá ń fà á lọ ní méjì-méjì, ó yí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká, ó kọjá ìdí àmù, a tún dá a padà sí òpó, ká lè rí ibi tó ti ṣẹ́po, kí ibẹ̀ jẹ́ àárín. Àwọn ọmọ ilé di ibì kan mú, àwọn àlejò di ibì kan mú. Adìẹ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, gbogbo wa kígbe lé e lórí. Bàbá mi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú Bíbélì lábíyá.

"Ṣé ilé lẹ fẹ́ hun ni?"

Ìyá Àgbà ní, "Díákónì, di ibẹ̀ yẹn mú." Wọ́n dì í mú.

Ìyá Àgbà fúnra wọn ló fi abẹ gé e láàárín. Mo hun fìlà méjèèjì lójú gbogbo wọn, mi ò sápamọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo parí, ìyàwó àbúrò bàbá mi bi mí pé èwo ni mo kọ́kọ́ hun. Mo rí i pé ẹjọ́ mìíràn ń bọ̀. Mo kó méjèèjì sínú igbá, mo dijú, mo rò wọ́n pọ̀ bí ẹni ro ẹ̀wà, títí èmi gan-an kò fi mọ̀ ọ́n mọ́. Lọ́jọ́ ìkómọ, ìyá mi dé fìlà kan fún Táyé, Ìyá Àgbà dé èkejì fún Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀kan náà. Fìlà méjèèjì bò wọ́n lójú. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Kẹ́hìndé sì sùn, ètè rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́. Èmi fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì tún fẹ́ sunkún nítorí súẹ́tà mi. Mi ò mọ èyí tí mo ṣe.

Ìbàdàn ni mò ń gbé báyìí, lọ́dọ̀ ọmọ mi, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí àwọn ará ilé bá ti lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, n óò gbé àga sí báńkóónì, n óò máa hun nǹkan mi. Bí òwú bá tán, wọ́n á fi fóònù pè é, ọlọ́kadà á gbé e wá, àwọ̀ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Tífẹ́ máa ń fi obìnrin òyìnbó kan tó ń hun fìlà hàn mí nínú fóònù, ọwọ́ obìnrin náà yá ju ojú mi lọ. Mo ti hun aṣọ ìbòrí fún àga wọn, mo ti hun àpò fún fóònù. Wọ́n ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í lò wọ́n. Ọmọ tuntun kan ń ké nílé tó wà nísàlẹ̀ wa, mi ò mọ ìyá rẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn ẹni tí a kò mọ̀.

Láyé ìjọ́hun, wọ́n á fi oyún pa mọ́ fún ọmọ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a ò ní mọ ohun tó wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi bí i. Nísinsìnyí, ẹ̀gbọ́n Tífẹ́ lóyún, àwòrán ọmọ náà wà nínú fóònù rẹ̀, ó fi ń han gbogbo ayé. Dókítà ní obìnrin ni, wọ́n ní ẹyọ kan ni, wọ́n ti sọ ọjọ́ tó máa dé. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi hun fìlà kan fún un." Mo wo àwòrán náà, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mi ò rí orí, mi ò rí ìdí. Mo ní mo ti gbọ́, ẹyọ kan.

Tífẹ́ ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ èyí, torí ó ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Kó máa rẹ́rìn-ín. Mo ti hun fìlà kejì kọjá etí.