Màmá ò Gba Tíṣà Gbọ́

"La ẹnu. Gbé ahọ́n sókè kí n wo abẹ́ rẹ̀."

Tíṣà la ẹnu. Màmá mi àgbà fi ọwọ́ tó ń rùn fún irú di àgbọ̀n ọkùnrin náà mú, ó yí i síbi tí oòrùn wà, ó wonú ẹnu náà bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àgbàlagbà tó kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò wa ní ìṣirò ni o. Nígbà tó dá a lójú pé ó ti gbé oògùn mì, ó yíjú sí ìyàwó Tíṣà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì iṣẹ́, ó wò ó látòkè délẹ̀. Ó ní, "Máa lọ sí káńsù rẹ. Mo wà níbí."

Kò fọkàn tán obìnrin yẹn. Ká sòótọ́, kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ní Ìlá níbi tí mo dàgbà sí lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ẹ bá gbé oúnjẹ fún Màmá, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Tí pásítọ̀ bá ní òun lá àlá nípa rẹ̀, á béèrè ohun tí pásítọ̀ jẹ sùn.

Ilé Tíṣà kọjú sí tiwa. Kí ọ̀rọ̀ oògùn tó dé, láràárọ̀, bí èmi àti Màmá bá ń ṣan irúgbá tí a sè mọ́jú, a máa ń gbọ́ Tíṣà tó ń kọrin ìjọ́sìn bó ṣe ń fi pólíìṣì nu bàtà níwájú ilé rẹ̀. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ orin mọ́. Kò lọ síṣẹ́, kò wẹ̀ àfi tí wọ́n bá fà á. Ó kàn ń jókòó, ó kọjú sí ògiri. Bí ẹ bá kí i, á ní, "A dúpẹ́," á sì tún dákẹ́.

Àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Àwọn kan ní ó ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Àwọn mìíràn ní ọ̀lẹ ni, kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà nígun òpópónà ò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ranni. Ní ti Màmá, ọbẹ̀ ìyàwó Tíṣà ló fura sí. Ó kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ mu omi nílé wọn.

Ìgbà tí àwọn ará ìjọ wọn wá ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Wọ́n gbàdúrà títí, wọ́n sì ní kí Tíṣà bá àwọn gba ààwẹ̀. Màmá sọdá síbẹ̀, omi irú ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ dákun, ẹni tí kò jẹun láti ọjọ́ yìí, ààwẹ̀ wo lẹ tún fẹ́ kó gbà?"

Ìyàwó Tíṣà bú sẹ́kún. "Màmá, mò ń sè, kì í jẹ ẹ́. Ní àárọ̀ yìí, ó ní ilé yìí á rọ̀ wá lọ́rùn tí òun ò bá sí láyé mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Ọsibítù ni mò ń gbé e lọ."

Màmá wọ bàtà, ó ní òun ń bá wọn lọ, kóun lè mọ ibi tó ń gbé e lọ ní tòótọ́. Ó fà mí lọ́wọ́ dání.

Dókítà tó yẹ Tíṣà wò níbẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí. Ó ní àìsàn ni, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.

"Àìsàn tí kò ní ibà, tí kò ní egbò?" Màmá bi í.

"Àìsàn ni, Màmá. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe èpè. Oògùn wà, àmọ́ oògùn nìkan ò tó. Ẹ má dá a dá wàhálà rẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o, kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ nìkan."

Màmá wò ó títí, ó wá bi í pé ọmọ ta ni.

Láti ọjọ́ kejì ló ti kó iṣẹ́ irú rẹ̀ lọ síwájú ilé Tíṣà. Ó fura pé ìyàwó rẹ̀ ò ní fún un lóògùn, ó fura pé Tíṣà á tu ú dànù, ó fura sí oògùn fúnra rẹ̀. Ó jókòó ti Tíṣà, ó ń ṣa èèpo irú, ó ń bú gbogbo ayé. Àwọn tó ti ń sá fún ilé náà ò lè kọjá láìkí Màmá, bí wọ́n bá sì ti kí Màmá, wọ́n gbọ́dọ̀ kí Tíṣà. Ìyá oníbúrẹ́dì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó díẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ó pẹ́ gan-an. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà fọwọ́ bo imú. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, irú yín yìí ń rùn jù."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Imú rẹ ti jí."

Lẹ́yìn tí a sin Màmá, Tíṣà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Mo ti pinnu láti lọ nígbà yẹn. Àmọ́ ìyá yẹn ò gbójú kúrò lára mi. N ò ráyè kú." Ó rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á.

Èmi náà ò fọkàn tán èèyàn mọ́. Ní Ìbàdàn tí mò ń gbé báyìí, tí ẹnikẹ́ni bá ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, tí mo sì rí i pé ojú rẹ̀ ò bá ẹnu rẹ̀ mu, mi ò gbà á gbọ́. Wọ́n ń pè mí ní atojúbọlé. Wọn ò parọ́. Láìpẹ́ yìí, obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi tilẹ̀kùn mọ́ra, ó ní kí n máa lọ, òun kàn fẹ́ dá wà ni. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbé àpótí ìjókòó wá sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, mo jókòó.