Orúkọ Tí Wọ́n Kọ Kí Ẹ̀rọ Tó Dé

Ọyẹ́ bo àpáta ńlá ẹ̀yìn ilé wa pátápátá ní àárọ̀ ọjọ́ náà, àfi bí ẹni pé wọ́n ti gbé e kúrò ní Ìkẹ́rẹ́. Ètè mi là, mo fi òrí pa á. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi obìnrin ti jí, ó ń nu eruku kúrò lára ẹ̀rọ rẹ̀ kí àwọn oníbàárà tó dé.

Ẹ̀rọ tó ń bó ẹ̀gẹ́ ni. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló dè é mọ́, kó lè máa gbé e lọ bá àwọn tó ń ṣe gàrí nílé wọn. Ọ̀bẹ ti ba ọwọ́ àwa obìnrin jẹ́ tipẹ́. Mo rò pé èrò tó dára ni, mo ṣì rò bẹ́ẹ̀.

Kó tó rà á, ó ní òun kò ní fi ojú dídì ṣe é. Níbi tó ti kàwé, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ọjà kọ orúkọ sílẹ̀ ná, wéètì-líìsì ni wọ́n ń pè é. Bí orúkọ bá pọ̀, ọjà máa tà nìyẹn. Ló bá gbé fóònù, ó ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè bóyá wọ́n fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa bá wọn bó ẹ̀gẹ́. Ta ni yóò ní òun kò fẹ́? Nígbà tó yá, wọ́n ń wá a wá sílé. Wọ́n ń kọ ti ara wọn, wọ́n ń kọ ti ọmọ tó wà ní Àkúrẹ́. Obìnrin onígàrí tó múlé gbè wá ní kó fi ti ọkọ òun náà sí i, ọkọ tó ti wà nínú sàréè. Ọmọ ọmọ mi rò pé ìfẹ́ ọkọ ló ń bá a jà.

Owó ẹ̀rọ ni kò sí. Oko kòkó tí ìyá rẹ̀, ọmọ mi tó ti kú, fi sílẹ̀ fún un lójú ọ̀nà Ìsẹ̀ nìkan ló ní; abẹ́ igi rẹ̀ ni mo máa ń gbin kókò sí. Ó ní òun fẹ́ fi dógò: ẹni tó bá yá òun lówó yóò máa ká kòkó náà lọ títí òun yóò fi san án tán.

Mo ní, “Bí ẹ̀rọ ò bá wá ríṣẹ́ ńkọ́?”

Ó gbé fóònù sójú mi. “Yèyé, ẹ wo orúkọ. Ẹ ṣáà máa fà á lọ.”

Mo fi ìka fà á títí, kò tán. Mo gbà. Ó fi oko náà yáwó, ó ra ẹ̀rọ, ó sì ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó kọ orúkọ pé kí wọ́n wá sílé wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ní àárọ̀ ọyẹ́ yẹn, wọ́n kún àgbàlá. Inú wa dùn. Ìgbà tí mo wo ọwọ́ wọn, kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀gẹ́ dání. Àpò òfìfo ni wọ́n kó wá.

Obìnrin onígàrí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ọmọ dáadáa, o kú iṣẹ́ o. Ibo lo kó o sí?”

“Kí ni, mà?”

“Èyí tí ẹ fẹ́ pín. Ìrẹsì ni àbí owó? Ti ọkọ mi ńkọ́, ṣé ẹ ti dì í lọ́tọ̀?”

Ìgbà yẹn ló yé mi. Nílùú wa báyìí, ẹni tó bá ń kọ orúkọ kiri, nǹkan ìjọba ló fẹ́ pín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń sọ, wọ́n kà á sí àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó gbé àpò ìrẹsì sọ̀.

Ó ní, “Ẹ̀rọ náà rèé, mà. Ẹ gbé ẹ̀gẹ́ wá, ẹ san owó díẹ̀, kíá ló máa bó o.”

“Sanwó kẹ̀?” Obìnrin náà yíjú sí àwọn yòókù. “Ẹ gbọ́ o! Ó kọ orúkọ wa tán, àwa la tún máa sanwó fún un!”

“Ọ̀bẹ tèmi kì í gbowó lọ́wọ́ mi,” ẹnìkan pariwo lẹ́yìn.

“Wọ́n ti jẹ ẹ́ mọ́ inú ulé ni. Ẹ ò rí i bí Yèyé ṣe sanra?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ká àpò wọn, wọ́n túká. Ó dúró ti ẹ̀rọ náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sẹ́ni tó padà wá. Ó wọlé, ó kọjú sí ògiri. Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un, kò mu ún.

“Yèyé, mo ti ná oko màmá mi.”

Mo ní, “Dìde, jẹun.”

Lọ́jọ́ kejì, mo mú agbọ̀n àti ọkọ́, mo wọkọ̀ lọ sí oko náà. Àwọn alágbàṣe ẹni tó yá a lówó ti wà nínú rẹ̀, wọ́n ń ká kòkó. A kíra. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yẹ̀ fún mi díẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú kókò tí mo gbìn sábẹ́ igi wọn, èyí tó gbó àti èyí tí kò tíì gbó.