Àpótí Tí Kò Ní Orúkọ

Ọmọ mi obìnrin ń gbọ́ àwo orin tuntun kan lórí fóònù rẹ̀: gìtá jẹ́jẹ́, ohùn obìnrin bí ẹni ń sọ̀rọ̀ síni létí. Mo bi í pé irú orin wo nìyẹn.

"Indi pọ́ọ̀pù ni, Mọ́mì."

Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, nígbà tí kò tíì ní orúkọ.

Ọ̀sán gangan ni, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo tẹ̀lé ìyá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin oníkásẹ́ẹ̀tì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òórùn rọ́bà tí oòrùn ti yan gba ibẹ̀ kan. Ọkùnrin náà lẹ bébà tó kọ irú orin sí mọ́ pẹpẹ kọ̀ọ̀kan: fújì, wákà, jùjú. Àpótí kan wà nílẹ̀ tí kò ní bébà. Ìyá mi ní kó bá òun ká wákà tí bàbá mi fẹ́ràn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin náà mú kásẹ́ẹ̀tì kan nínú àpótí ilẹ̀ yẹn, ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ wò.

Ohùn tó ń pè mí wá jẹun nílé ló jáde, tó ń kọrin jẹ́jẹ́ sí gìtá!

Ẹnu mi là sílẹ̀. Ìyá mi ń wo ilẹ̀.

"Ta ló kọ ọ́?" ni ìyá mi bi í.

"N ò mọ̀ ọ́n, Àǹtí. Kì í ṣe wákà, kì í ṣe jùjú. Níbo ni kí n tò ó sí? Irú wọn la máa ń ká orin tó ń tà lé lórí."

Ó fi bébà dí ihò ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì náà kó lè ká orin mìíràn lé e, ó tẹ bọ́tìnì pupa.

Mo fa ìró ìyá mi. "Màámi, ẹ̀yin mà nìyẹn!"

"Pa ẹnu ẹ dé."

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo tó gbọ́ pé kásẹ́ẹ̀tì orin rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù nìyẹn, pé kò sí òmíràn mọ́ níbikíbi.

Lọ́jọ́ náà, ó dúró títí wákà fi bo ohùn rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ọkùnrin náà pé, "Ẹ ṣé."