Bàbá Àwọ̀, Ẹni Tó Ń Fọ Omi

Bí ẹ bá dé ilé iṣẹ́ náà tí ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ gan-an, àfi kí wọ́n lọ wo ìwé kí wọ́n tó lè dá yín lóhùn. Bàbá Àwọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ géètì títí dé ọ̀dọ̀ Máníjà. Orúkọ yẹ̀yẹ́ kọ́ o. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń tọ́jú omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ yẹn, ojú tó fi ń mọ àwọ̀ omi ló sì fi ń jẹun.

Ilé iṣẹ́ tó ń mú irin dán ni. Ẹnu ẹ̀rọ omi, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ àga, gbogbo ohun tí ẹ bá ti rí tó ń dán gbinrin lójú yín. Wọ́n á ri irin bọ inú oògùn kan tí wọ́n ń pè ní kírómù, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi omi ṣàn án. Omi tí wọ́n fi ṣàn án yẹn ni wàhálà. Ó máa ń pọ́n bí èso ìyeyè, májèlé sì ni, irú májèlé tí kì í pariwo: kò rùn, kò sì ta ènìyàn lẹ́nu. Iṣẹ́ Bàbá Àwọ̀ ni pé kí omi náà má jáde lọ sódò bó ṣe wà.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Omi á ṣàn wọ inú táńkì, á da ásíìdì díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà á bu ìyẹ̀fun kan tó ń rùn bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá, á máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń rò ó, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára omi. Ìyeyè á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, á di àwọ̀ ewé. Ìgbà tó bá di ewé tán pátápátá ni májèlé náà tó rọ̀. Ìgbà náà ló tó lè da ẹfun sí i, kí kírómù dì, kó rì sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀, kí omi tó mọ́ wà lókè. Omi òkè yìí nìkan ni yóò ṣí fáàfù fún, tí yóò gba gọ́tà lọ sínú odò. Ẹni tó bá kánjú da ẹfun sí i nígbà tí omi ṣì pọ́n, iṣẹ́ àṣedànù ló ṣe. Ẹrẹ̀ á rì lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé á bá omi òkè jáde.

Ẹ̀rọ kan wà tẹ́lẹ̀ tó ń wo omi náà fúnra rẹ̀. Ó ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Máníjà ní kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe nígbà tí Bàbá Àwọ̀ wà láàyè. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tó délé. Ẹ wá wo bí ìyìn ṣe ń pa ènìyàn.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà ló sì kọ́kọ́ da bàbá yìí. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyàwó rẹ̀ jà nítorí àwo. Ó ní àwo funfun inú ilé ti di bí èyí tí wọ́n fi tíì kùn, pé kò fọ̀ ọ́ dáadáa. Obìnrin náà fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e síwájú rẹ̀, ó wá dúró ń wò ó. Ní ọjọ́ kejì ló mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ojú. Nọ́ọ̀sì ní nǹkan ti bo ojú méjèèjì bí ìkùukùu, pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni yóò ṣí i, kó lọ gba lẹ́tà níbi iṣẹ́ kí wọ́n lè bá a sanwó rẹ̀.

Ó gba ìwé nọ́ọ̀sì, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀. Òfin ilé iṣẹ́ ni pé ẹni tí nọ́ọ̀sì bá ti kọ̀wé pé ojú rẹ̀ kò dára kò gbọdọ̀ dé ìdí táńkì mọ́. Yàrá ìkẹ́rù ni wọ́n máa ń rán wọn lọ, kí wọ́n máa pín ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ó purọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé Máníjà ní kí òun ṣì ní sùúrù. Ẹ má sọ pé òmùgọ̀ ni. Ẹni tí wọ́n ti ń pè ní Àwọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, báwo ni yóò ṣe ya ẹnu sọ pé òun kò mọ àwọ̀ mọ́? Ikú yá ju ẹ̀sín ni wọ́n máa ń wí, òun sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ó kàn gbàgbé láti béèrè pé ikú ta ni.

Ó wá dá ọgbọ́n. Ó mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé agolo ìyẹ̀fun mẹ́rin ló ń yí táńkì kan padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da mẹ́rin, kò lé, kò dín. Á ka ẹgbẹ̀ta sínú, á tẹ́tí sí ẹ̀rọ, á wá da ẹfun. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Á ṣì bẹ̀rẹ̀ wo inú táńkì, á fi abọ́ funfun bu omi, á gbé e sókè sí oòrùn, á mi orí. "Ó ti di ewé," á wí, tí Ìyá Lábù, obìnrin tó ń yẹ omi wò nínú yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ táńkì, á fi gbọ́ ọ. Bàbá Àwọ̀ fúnra rẹ̀ á wá kọ ọ́ sínú ìwé ńlá pé àwọ̀ dára, á sì fọwọ́ sí i.

Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ fún ọdún kan àti díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Àwọn tó ń ri irin bọ oògùn mú oògùn náà le sí i, irin tí wọ́n ń rì lóòjọ́ sì di ìlọ́po méjì. Kò sẹ́ni tó sọ fún ìdí táńkì. Ta ló ń rántí ìdọ̀tí nígbà tí ọjà bá ń yá? Agolo mẹ́rin kò tó omi yẹn mọ́. Ẹni tó ríran ì bá rí i pé ìyeyè kò lọ, ì bá da ìkarùn-ún àti ìkẹfà sí i. Mẹ́rin ni Bàbá Àwọ̀ dà. Ó ní ó ti di ewé, omi sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àbúrò rẹ̀. Obìnrin ni, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, ó sì ń gbé nísàlẹ̀ odò kan náà, kò ju ìrìn ogójì ìṣẹ́jú sí ilé iṣẹ́. Ó ń gbin àlùbọ́sà àti ẹ̀fọ́ sí etí odò, odò náà ló fi ń bomi rin wọ́n. Nígbà kan tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ fẹ́ para pọ̀ gbẹ́ kànga, òun ló ní kí wọ́n má dara wọn láàmú. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ń fọ omi odò yẹn, pé ohun tí kò bá lè mu, kò ní jẹ́ kó kọjá. Bàbá Àwọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín wọn. Wọ́n bi í, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn kò gbẹ́ kànga.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni àbúrò yìí wá kí wọn nílé, ó kó ẹ̀fọ́ dání, ó sì fi aṣọ wé ọwọ́ méjèèjì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè ohun tó ṣe é. Ó ní ọṣẹ ni. Ó tún ní bóyá ọkọ́ ni. Ó wá fi ṣe àwàdà pé ọwọ́ òun kánjú darúgbó ju òun lọ. Bàbá Àwọ̀ ní kó tú aṣọ náà, kó mú ọwọ́ wá. Kò rí i dáadáa, ó fi àtàǹpàkò wá a kiri. Ó kan ihò kékeré kan tó rí róbótó, etí rẹ̀ le. Ó kan òmíràn lábẹ́ ìka, àti òmíràn.

Ó ti di irú ọwọ́ yẹn mú rí. Láyé ìgbà tí kò sí ìbọ̀wọ́, ọwọ́ gbogbo àwọn tó ń ri irin bọ kírómù ló lu báyìí, òun ló sì máa ń bá wọn fi oògùn sí i. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó béèrè bóyá ẹlòmíràn ní irú rẹ̀ ní àdúgbò. Àbúrò rẹ̀ ní àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ lódò ní in lẹ́sẹ̀, pé àwọn ènìyàn ń sọ pé ẹ̀fọn ló jẹ wọ́n. Ó béèrè bóyá wọ́n ṣì ń mu omi náà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín sí i.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí ni ká tún máa mu?"

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe wò ó lọ́jọ́ àwo. Ìtìjú kò jẹ́ kí Bàbá Àwọ̀ sọ ohun tó mọ̀ títí àbúrò rẹ̀ fi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ṣe gbogbo bó ṣe máa ń ṣe, ó bu omi sínú abọ́ funfun, ṣùgbọ́n kò gbé e sí oòrùn. Ó gbé e lọ bá Ìyá Lábù, ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun wo àwọ̀ rẹ̀.

"Ìyeyè ni, Bàbá," ó wí. "Ẹ lọ bá Máníjà."

Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Kò jókòó. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, gbogbo rẹ̀ pátá, ìwé nọ́ọ̀sì tó wà nínú àpótí, agolo mẹ́rin, ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Ó ti pinnu pé kí wọ́n lé òun, kí wọ́n tilẹ̀ pe ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kí wọ́n dá omi yẹn dúró lónìí. Máníjà dìde, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ jókòó, Bàbá. A ti mọ̀."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Máníjà ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní oṣù kẹjọ rèé tí Ìyá Lábù ti ń gbé èsì àyẹ̀wò wá, pé omi kò mọ́. Ṣùgbọ́n láti fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ, àfi kí wọ́n dín irin kù, kí wọ́n sì tún ẹ̀rọ ṣe, ọjà kò sì gba ìyẹn. Àwọn aláyẹ̀wò ìjọba kàn máa ń wo ìwé ńlá ni, tí wọ́n bá ti rí i pé ẹni tó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fọwọ́ sí i, wọ́n á kí ilé iṣẹ́ kú iṣẹ́, wọ́n á lọ.

"Ẹni tó ríran á ti dá iṣẹ́ dúró mọ́ wa lọ́wọ́," Máníjà wí. "Ẹ̀yin ò dá a dúró."

Ó wá fi kún un pé bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde síta, kí Bàbá rántí pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé. Ó ní kó lọ sinmi nílé fún ọjọ́ méjì, kó padà wá máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ gbọ́ ìkà. Ọdún méjì ni ọkùnrin yìí fi rò pé òun ń fojú pamọ́ fún wọn, kò mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ni wọ́n sá sí.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sídìí fáàfù, ó yí i títí agbára rẹ̀ fi pin. Omi dá nínú gọ́tà. Ó ní kí Ìyá Lábù kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ló tì í, Ìyá Lábù sì kọ ọ́. Bàbá Àwọ̀ kò tíì dé géètì tó fi gbọ́ tí wọ́n ń fi irin yí i padà. Omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Òun àti omi náà jọ ń lọ sísàlẹ̀ ni, ó sì ń kọsẹ̀ lára òkúta ní gbogbo ọ̀nà.

Láàárín ebè àlùbọ́sà ló bá àbúrò rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún un kó tó kí i. Obìnrin náà kò pariwo. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wo odò, ó gbé garawa omi sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, èmi ni mo ní kí wọ́n má gbẹ́ kànga."

Bàbá Àwọ̀ ní òun mọ̀.

"Ẹnu yín ni wọn yóò ti gbọ́ ọ. Kì í ṣe ẹnu mi."

Ó so gèlè rẹ̀ le, ó di ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú nítorí kòtò, ó sì mú un lọ sí ilé àkọ́kọ́. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ló ń gbé ibẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí wọn. Ó ní ẹni tó ń fọ omi àwọn rèé, ó nu àga fún un, ó sáré wọlé lọ bu omi wá fún un nínú ife, bí ènìyàn ti ń ṣe fún àlejò tó rìn jìnnà. Bàbá Àwọ̀ gba ife náà. Ó sọ pé omi náà kò dára, pé kò dára láti oṣù mẹ́jọ ó kéré tán, pé òun ló jẹ̀bi. Obìnrin náà béèrè bóyá yóò dára tí òun bá sè é. Ó ní rárá, iná kì í lé e jáde, ńṣe ló ń mú un le sí i.

Obìnrin náà yíjú sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ohùn àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń wá. Ó rọra gba ife náà lọ́wọ́ bàbá. Ó ní wọ́n ti mu tàárọ̀, wọ́n ti mu tọ̀sán. Kò bínú sí i, inú kò tíì ráyè bí i. Ó kàn bi í, nítorí òun ló mọ̀ nípa omi, pé kí ni kí òun wá fún wọn mu tó bá di alẹ́.