Ojú Ayùn Mẹ́ta Lábẹ́ Tábìlì

Òórùn òrí tó ń yọ́ lórí iná ló pè mí jáde lánàá. Mo bá ọmọ ọmọ mi lẹ́yìnkùlé, ó ti gbé ìfági lé tábìlì iṣẹ́ tí bàbá mi fi ṣiṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Tchaourou níbí, láyé àwọn Faransé.

Ó pe èmi ìyá àgbà ẹ̀ lédè Faransé: "Mémé, ojú tábìlì yìí ti jẹ tán. Mo fẹ́ dà á dé, kí n fá ìsàlẹ̀ ẹ̀."

Mo ní, "Háà! Dúró ná!" Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kíá lẹ máa ń fẹ́ fá nǹkan. Ẹ jókòó, kí n sọ ìtàn ẹ̀ fún yín.

Pákó ìrókò láti Alafiarou nítòsí ibí ni tábìlì náà. Tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, Bàbá á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyá mi á máa gbá èérún igi lọ sídìí ààrò, èmi á ṣa èyí tó bá ká roboto, mo fi ń ṣe yẹtí. Orí tábìlì yìí ni ẹ̀gbọ́n mi Sálíù ti kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú ayùn, ó gé igi tán, ó gé tábìlì mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ibi mẹ́ta tí ayùn gé sì hàn lórí ẹ̀. Bàbá pariwo pé, "Ṣé tábìlì ni mo ní kí o gé ni?" A rẹ́rìn-ín títí.

Ìgbà tó yá, wọ́n mú Sálíù lọ ja ogun òyìnbó. Rélùwéè ló gbé e lọ. Kò padà mọ́, a ò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Ní àkókò yẹn, Bàbá ń ṣe ìlẹ̀kùn fún àwọn aláṣẹ Faransé. Àárín tábìlì ti jin, gbogbo ìlẹ̀kùn tó bá ṣe lórí ẹ̀ ń wọ́. Wọ́n dá méjì padà, wọ́n ní bí ẹ̀kẹta bá tún wọ́, àwọn á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ yẹn la fi ń jẹun. Bàbá bá mú ìfági, ó fẹ́ fá ojú tábìlì. Ìyá mi sáré wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú ayùn Sálíù.

"Bàbá Sálíù, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló tún kù tí Sálíù fi sílẹ̀ tí mo lè fọwọ́ kàn?"

Bàbá jókòó. Ó gbé ìfági sílẹ̀ títí wọ́n fi kírun ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ló yọ àwọn èèkàn tó de pákó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó da pákó náà dé, ojú ayùn Sálíù bọ́ sí abẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ tó wá di òkè rí ṣákiṣàki, bí àáké ṣe fi í sílẹ̀. Ó fi èédú kun pákó títọ́ kan, ó ń fi í ra ojú rẹ̀. Ibi tó bá dúdú ló ga, ibẹ̀ ló ń fá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Ó wá fi òrí gbígbóná pa á. Ìlẹ̀kùn kẹta tọ́ ṣánṣán.

Láti ọjọ́ náà, bí ìyá mi bá ń gbálẹ̀, á kúnlẹ̀, á ti ọwọ́ bọ abẹ́ tábìlì. Mo rò pé èérún igi ló ń wá. Lẹ́yìn tó kú ni mo tó ti ọwọ́ ara mi bọ ibẹ̀, ojú ayùn Sálíù ni mo fọwọ́ bà, mo sì sunkún gan-an.

Lánàá, mo mú ọwọ́ ọmọ náà, mo fi kan ibẹ̀. Ó ní, "Mémé, òkè yìí náà ni màá fá, díẹ̀díẹ̀."

Rélùwéè kò kọjá mọ́, ẹ̀rọ ló sì ń fági fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà báyìí. Láàárọ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo gbá èérún igi náà. Orúnkún ń dùn mí, síbẹ̀ mo kúnlẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ tábìlì. Etí ojú ayùn náà ti dán. Ayùn kì í gé igi kó dán bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ìyá mi ni.