Ta-Ló-Máa-San-Án àti Lẹ́tà Tó Bọ́ Lára Báńà

Wọ́n ní ẹgbẹ́ ìjọba ló ra télọ̀ tó wà ní orígun òpópónà wa. Wọ́n ní wọ́n fún un lówó, ló fi mọ̀ọ́mọ̀ ba báńà ẹgbẹ́ tirẹ̀ jẹ́. Ẹ má gbà á gbọ́ rárá! Irọ́ funfun báláú ni. Ilé mi kojú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, aṣọ mi kì í sì í wọ́n lórí maṣíìnì rẹ̀. Ẹnu òun àti ìyàwó rẹ̀ ni mo ti gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ta-Ló-Máa-San-Án là ń pè é. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o, rédíò ló sọ ọ́ ní orúkọ. Láti ìgbà tí àwọn aṣòfin ti gbé àbá òfin ìlera kalẹ̀, pé kí ìjọba máa tọ́jú gbogbo aláìsàn orílẹ̀-èdè, ni ìjà ti dé. Ẹgbẹ́ ìjọba ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kú sílé nítorí àìlówó. Ẹgbẹ́ alátakò ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, orí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n máa dà á lé. Alátakò ni télọ̀ wa láti kékeré, látìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ tí kì í rán aṣọ láì tan rédíò. Ohunkóhun tí o bá sọ, èsì kan tó gbọ́ lórí rédíò ló ní: "Ó dáa, ta ló máa san án?" Bí o bá ní ọmọ aládùúgbò fẹ́ gbéyàwó, ohun tó máa bi ọ́ náà nìyẹn.

Ẹgbẹ́ ìjọba ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe ní tirẹ̀. Ilé ìwòsàn ló ti ń fọ aṣọ ibùsùn.

"Bàbá wọn, bí àìsàn bá dé, ṣé téèpù yín lẹ máa fi wọ̀n ọ́n?"

"Ìyá wọn, mi ò ní kí wọ́n má tọ́jú èèyàn. Mo ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tó máa san án."

"Ẹni tó ń ra bátìrì rédíò yín náà ni. Èmi nìyẹn."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jẹun. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyinjú ọkùnrin náà. Ahọ́n àti ìka ló fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Bí o bá gbé aṣọ wá, á ní, "Ẹ̀yin gan-an ẹ sọ fún mi, irú àwọ̀ wo lẹ máa pe èyí?" Inú rẹ á dùn, o ò mọ̀ pé kò rí i ni.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wọn fẹ́ ṣe ìwọ́de, alága ní kó bá àwọn rán báńà kan: A Ò FẸ́ ÀBÁ ÒFIN ÌLERA. Ó gé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lára aṣọ, ó fọwọ́ wá wọn lórí tábìlì, ó ń tò wọ́n, ó ń rán wọn mọ́lẹ̀. Alága yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó láti òkèèrè. "Ẹ̀gbọ́n, ó jojú ní gbèsè!" Ó gbé e lọ.

Ọjọ́ ìwọ́de pé. Wọ́n tú báńà láàárín títì. Àwọn ẹgbẹ́ ìjọba tó dúró ní òdìkejì láti hó lé wọn lórí bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀ o! A ti ń retí yín!"

Nígbà tí àwọn alátakò gbójú sókè wo báńà wọn, A FẸ́ ÀBÁ ÒFIN ÌLERA ló wà níbẹ̀ gàdàgbà.

Alága sáré dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú òógùn lójú. "Ẹ̀gbọ́n, èló ni wọ́n fún yín?"

Télọ̀ rò ó wò. Bó bá ní ojú òun ni, ta ló máa gbé aṣọ fún télọ̀ tí kò ríran? Iṣẹ́ tó ń ṣe látìgbà èwe tán nìyẹn. Bó bá sì dákẹ́, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ó yan ọ̀dàlẹ̀. Ó dorí kodò, ó ń rán ojú bọ́tìnnì tó ti rán tẹ́lẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò kí i mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ìjọba ló wá ń kí i, "Ọmọ ẹgbẹ́ wa!" Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Ìyàwó rẹ̀ ti fi báńà náà rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run ún. Àfìgbà tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tó rí aṣọ róbótó kan lábẹ́ maṣíìnì, tó ní àmì lórí. Ó gbé e sí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Kí ni mo fún yín yìí?"

Ọkọ fọwọ́ pa á, ó gbé e súnmọ́ imú.

"Bàbá wọn, láti ìgbà wo lẹ ti ń fọwọ́ ríran?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Má pariwo. Bí wọ́n bá gbọ́, ta ló máa gbé aṣọ fún mi?"

"Ta ló sì máa gbé e fún yín bí ẹ bá rán apá mọ́ ọrùn?"

Ó fà á lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ á mú nǹkan funfun náà kúrò, àmọ́ kí wọ́n má fi falẹ̀. Owó tí wọ́n ti ń tọ́jú láti fi ra maṣíìnì oníná ló bá a lọ. Kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, télọ̀ ní kí ìyàwó òun mú òun lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ná. Nígbà tí wọ́n rí obìnrin ẹgbẹ́ ìjọba tó ń fà á lọ́wọ́ wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó na lẹ́tà Ò náà sókè.

"Kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀. Ojú mi ni kò ríran mọ́. Èyí tó bọ́ rèé. Ẹni tó bá fẹ́ gba aṣọ rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi, kó wá gbà á."

Ìyàwó rẹ̀ kò lè mú un mọ́ra.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wo báńà náà kó tó jáde?"

Gbogbo ojú yí sí alága. Alága húkọ́, ó ṣí fìlà, ó tún un dé.

"Ìyàwó wa," ló wí, "apá ibo gan-an ni ilé ìwòsàn yẹn wà?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó òrùlé. Kò sẹ́ni tó gba aṣọ rẹ̀ àfi ìyá kan, òun náà sì ní kì í ṣe ìbínú, ọjọ́ ìnáwó òun ló ti dé tán.

Wọ́n ti ṣe ojú náà, ó ti là kedere. Àwọn aṣòfin ṣì ń jà. Lánàá mo dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo bi í bóyá ó ti wá gba ti òfin náà báyìí. Ó ní inú ẹgbẹ́ òun lòun ṣì wà digbí, ṣùgbọ́n òun ti sọ fún wọn pé báńà tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí àwọn fẹ́, nítorí òun náà ti mọ ohun tí ojú ń náni. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo aṣọ ọrùn mi láti èjìká dé ọwọ́.

"Àbúrò, èmi ni mo rán èyí?"

Mo ní òun ni.

Ó fà mí wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. "Apá kan gùn ju ìkejì lọ. Gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la, má sì jẹ́ kó pẹ́. Aṣọ Alága ni mo ní láti tú lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó ṣe ojú tirẹ̀."